NÍGBÀ TÍ KỌ̀ǸPÚTÀ BÁ KỌ̀ LÁTI KỌ SÍÍDÌ

Lójú ìwé yìí ni a ti máa ń bá ara wa sọ̀rọ̀ nípa àwọn ohun èlò inú ilé, láti orí sítóòfù títí dé orí jẹnẹrétọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni a gbé dé, pàápàá ọ̀rọ̀ síídì tí a fẹ́ kọ ohùn tàbí àwòrán sí, tí ẹ̀rọ sì ń tu ú jáde bí ọmọdé tó ń tu àgbo.

Àwọn kan lè máa wí nínú ara wọn pé, ta ló tún ń lo síídì nísinsin yìí tí fóònù ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ gbogbo nǹkan? A bẹ̀ yín, ẹ má tí ì wí bẹ́ẹ̀. Ẹ wọ yàrá àwọn ìyá wa àgbà wò. Ẹ ó bá ẹ̀rọ kékeré kan tó ń lo síídì lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Wọ́n mọ bọ́tìnì tí wọ́n ń tẹ̀ kí ó sọ̀rọ̀, wọ́n mọ èyí tí wọ́n ń tẹ̀ kí ó dákẹ́, wọn kò sì wá òmíràn. Bí ẹ bá gbé fóònù olójú dígí lé wọn lọ́wọ́, ìyà ni ẹ fi ń jẹ wọ́n, nítorí ojú kò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ìka kò sì rọ̀ mọ́.

Irú ìyá bẹ́ẹ̀ kan wà nínú ìjọ wa. Ọkọ wọn, tí wọ́n jẹ́ alàgbà láàrin wa nígbà ayé wọn, sùn nínú Olúwa ní ọdún 2009. Ní ọdún 2005 tí bàbá pé 70 ọdún, wọ́n ṣe ìdúpẹ́ nínú ilé. Bàbá dìde, wọ́n gbàdúrà fún ìyàwó wọn, wọ́n dárúkọ àwọn ọmọ méjèèje lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì súre fún wọn. Ẹnìkan gba ohùn náà sílẹ̀, ó kọ ọ́ sí síídì kan ṣoṣo, ìṣẹ́jú 38 sì ni gbogbo rẹ̀. Kò sí ibòmíràn tí ohùn bàbá kù sí ní gbogbo ayé. Láti ìgbà tí bàbá ti lọ ni màmá ti ń gbọ́ síídì yìí, pàápàá ní òru tí oorun kò bá wá.

Ní ọdún tó kọjá, síídì náà bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò. Ohùn bàbá á dúró, á fò, á tún padà sẹ́yìn. Ni àwọn ọmọ bá gbé e wá bá wa pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣe ẹ̀dà mẹ́jọ, méje fún àwa ọmọ, ọ̀kan fún màmá, kí wọ́n tó pé ọdún 85." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù.

Tayọ̀tayọ̀ ni a fi gbà á. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni a pè é. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn, síídì òfìfo mẹ́fà ni a bà jẹ́ láìrí ẹyọ kan mú jáde.

ÀṢÌṢE TIWA

Kí a tó dá ẹ̀rọ lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́. Ohun tí a ń ṣe ni pé a ti síídì bàbá bọ ẹnu ẹ̀rọ kan, a ti òfìfo bọ èkejì, a sì ní kí kọ̀ǹpútà máa dà á kọ láti ọ̀kan sí èkejì. Gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ náà bá bàjẹ́, a tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí ni pé síídì tó ti ń kú lọ ni a ń fi yí pòòyì lẹ́ẹ̀mẹ́fà ní alẹ́ ọjọ́ kan.

Arákùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ló wọlé bá wa. Nígbà tó gbọ́ ohun tí a ń ṣe, ó pariwo, ó ní, "Ẹ yọ ọ́ o! Ẹ̀yin àgbà, ẹ kọ́kọ́ gba ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ ná, kí ẹ tó máa wá ẹ̀dà!" Òótọ́ ló sọ. Bí síídì bá ti gbó, tó sì jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ohun àkọ́kọ́ ni kí a kà á wọ inú kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan, kí a kà á díẹ̀díẹ̀ láìsáré, kí a wá gbé ojúlówó pamọ́. Kíkọ ẹ̀dà tuntun, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ẹ̀rọ tiwa kà á dé ìṣẹ́jú kọkànlá, ó dúró. Arákùnrin yìí mú láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan wá láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, èyí tí a kò bá ti jù nù, a ti síídì bọ̀ ọ́, ó sì kà á títí dé òpin, àfi ibì kan tí a ó padà sọ. Bí ojú ènìyàn méjì kò ti í ríran bákan náà ni ẹ̀rọ méjì rí. Nítorí náà bí ẹ bá ní síídì tí ẹ̀rọ yín kò kà mọ́, ẹ má tí ì sunkún. Ẹ gbé e sínú ẹ̀rọ mẹ́ta, mẹ́rin wò. Ẹ sì kọ́kọ́ fi aṣọ rírọ̀ nù ún láti àárín síta, kì í ṣe ní yíyípo bí ẹni ń fọ àwo. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, a fi ohùn bàbá sí inú kọ̀ǹpútà, a fi sí fláàṣì méjì, a sì fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ọmọ wọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà náà ni ọkàn wa tó balẹ̀ láti dojú kọ ẹ̀rọ tó ń tu síídì.

IRIN GBÍGBÓNÁ ÀTI IGBÁ

Ó yẹ kí a mọ ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe kí a tó mọ ìdí tí kò fi ṣe é. Síídì orin tí a rà ní ilé ìtàwé, títẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ilé iṣẹ́. Ṣùgbọ́n síídì tí a ń kọ fúnra wa, èyí tí wọ́n kọ CD-R sí lára, ọ̀tọ̀ ni bí wọ́n ṣe ṣe é. Ọdún 1990 ni ilé iṣẹ́ Philips àti Sony gbé òfin rẹ̀ jáde nínú ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Orange Book. Aró wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni, aró, bí aró tí àwọn ìyá wa fi ń pa aṣọ láró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ilé iṣẹ́ ni eléyìí. Lórí aró yìí ni wọ́n tẹ́ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó ń dán bíi dígí sí. Ìmọ́lẹ̀ léésà ni ẹ̀rọ ń tàn sí aró náà. Bó bá fẹ́ kà, ìmọ́lẹ̀ tí kò lágbára ló ń lò. Bó bá fẹ́ kọ, á mú kí ó gbóná gan-an kí ó lè yí aró náà padà ní ibi tó bá fọwọ́ kàn.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti rí àwọn tó ń fi irin gbígbóná ya ọnà sára igbá, ohun kan náà ni. Bí irin kò bá gbóná tó, ọnà kò ní hàn. Bó bá gbóná jù, igbá á jó kọjá ààlà. Oníṣẹ́ ọnà tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ fi irin rẹ̀ kan àfọ́kù igbá wò kó tó gbé e kan ojúlówó. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní àárín síídì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò rẹ̀, wọ́n fi ibì kan sílẹ̀ tó jẹ́ ibi ìdánwò nìkan. Nǹkan bí ìgbà 100 ni ẹ̀rọ lè dán irin rẹ̀ wò níbẹ̀. Bó bá dán an wò tí kò rí ìwọ̀n ooru tó yẹ, kò ní bẹ̀rẹ̀ rárá, á sì kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà pé "Power Calibration Error".

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí ni a rí lẹ́ẹ̀mẹ́fà lọ́jọ́ Ẹtì yẹn. Ohun mẹ́ta náà ló sì sábà máa ń fà á: aró orí síídì kò dára, tàbí eruku bo ojú léńsì, tàbí léésà fúnra rẹ̀ ti rẹ̀ nítorí ọjọ́ orí. Ẹni tó bá mọ bí a ti ń yà wọ́n sọ́tọ̀, owó rẹ̀ kò ní ṣòfò.

ṢÉ Ẹ̀RỌ YÍN TILẸ̀ LÈ KỌ?

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kan láàrin wa fi odindi Sátidé gbìyànjú láti kọ síídì ní ọ́fíìsì rẹ̀, tó fi bínú sí àwọn ọmọ iṣẹ́, tí ẹ̀rọ náà sì jẹ́ èyí tó ń kà nìkan. Ẹ wo iwájú dráìfù, ìyẹn ẹnu tí a ń ti síídì bọ̀. Bó bá jẹ́ CD-ROM tàbí DVD-ROM ló wà níbẹ̀, kíkà nìkan ló mọ̀. Bí wọ́n bá pè é ní Combo, ó ń ka dífídì ṣùgbọ́n síídì nìkan ló lè kọ. Èyí tó bá ní DVD-RW tàbí DVD Multi Recorder ló ń kọ méjèèjì.

Ẹ tún wo ohun tí ẹ ń ti bọ̀ ọ́. CD-R, ìgbà kan ni a ń kọ ọ́. Bí a bá ti kọ ọ́ tí a sì ti tì í, kò gba ohun mìíràn mọ́. CD-RW ni a lè pa rẹ́ kí a tún un kọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ kì í kà á. Ní ti ìwọ̀n, síídì kan gba mẹ́gábáìtì 700, tàbí ìṣẹ́jú 80 bó bá jẹ́ ti ohùn tí ẹ̀rọ rédíò lásán ń kọ jáde. Dífídì tí wọ́n kọ 4.7 sí lára, kọ̀ǹpútà á sọ pé 4.37 ni, kò sẹ́ni tó rẹ́ yín jẹ o, ọ̀nà tí ilé iṣẹ́ ń gbà kà á àti ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà kà á ló yàtọ̀. Bí ohùn ìṣọ́ òru wákàtí mẹ́ta bá wà lọ́wọ́ yín, kò lè wọ síídì kan lọ́nà ti ìṣẹ́jú 80. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ ọ́ di MP3 oníwọ̀n 128, ohùn tó lé ní wákàtí 12 lè wọ inú ẹyọ kan, kìkì pé ẹ̀rọ tí yóò kọ ọ́ jáde gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè MP3.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń ṣubú, àwọn ìwé tí ẹ ń kọ sí wa sì ń jẹ́rìí sí i: "Ó ń sọ̀rọ̀ nínú kọ̀ǹpútà, kò sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ màmá." Nínú Windows, bí ẹ bá ti òfìfo bọ̀ ọ́, á bi yín bí ẹ ṣe fẹ́ lò ó. Ọ̀kan ni "Like a USB flash drive", èkejì ni "With a CD/DVD player". Àkọ́kọ́ yẹn jẹ́ kí ẹ lè máa fi nǹkan sí i díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ inú ilé àti inú ọkọ̀ kò mọ̀ ọ́n. Èkejì ni kí ẹ mú. Bó bá sì jẹ́ pé fún ẹ̀rọ àtijọ́ tí kò mọ MP3 ni, ẹ lo Windows Media Player tàbí ètò mìíràn, kí ẹ yan "Audio CD". Ẹ rí i dájú pé ẹ ti síídì náà pa ní ìgbẹ̀yìn, èyí tí wọ́n ń pè ní "Finalize" tàbí "Close disc". Síídì tí a kò tì dà bí lẹ́tà tí a kò fi ránṣẹ́ tán.

BÍ A ṢE RÍ ÀRÙN TI WA

Ní Sátidé, a bẹ̀rẹ̀ láti orí síídì òfìfo, nítorí òun ló wọ́n kéré jù. Èyí tí a lò ní ọjọ́ Ẹtì, inú páálí kan tó ti ń gba oòrùn níwájú ìsọ̀ ni a ti rà á. Oòrùn kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ aró. A ra oríṣi mẹ́ta láti ọwọ́ oníṣòwò mẹ́ta, ẹyọ kọ̀ọ̀kan péré. (Ẹ má ra páálí kan lódindi nígbà tí ẹ ń ṣe ìdánwò.) Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ tó wà lójú rẹ̀. Ayédèrú pọ̀. Ètò kan wà tí a ń rí lọ́fẹ̀ẹ́, ImgBurn ni orúkọ rẹ̀, tó lè ka àmì tí ilé iṣẹ́ tó ṣe síídì náà fi pamọ́ sí inú rẹ̀, ẹ ó sì rí i nígbà mìíràn pé orúkọ ìta àti orúkọ inú kò bára mu.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹ̀rọ kọ sójú. A mọ̀ báyìí pé kì í ṣe síídì nìkan.

A dín ìyára rẹ̀ kù. Lára síídì ni ẹ ó ti rí 52x. Ìyára kan, ìyẹn 1x, jẹ́ kílóbáìtì 150 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà 52x jẹ́ 7,800. Ẹni tó ń sáré tó báyẹn, ìwé rẹ̀ kò lè dára. Ní tiwa, 16x ni a fara mọ́ fún síídì, 4x tàbí 8x fún dífídì. Àwọn kan a máa sọ pé kí a lọ sí 1x pátápátá. A kò gbà pẹ̀lú wọn, nítorí síídì òde òní kò ní aró tí wọ́n ṣe fún ìfalẹ̀ báyẹn, irin tó bá pẹ́ lójú kan á jó igbá náà ni. Ṣùgbọ́n bí a ti ń dín in kù tó, kò yí padà.

Ó kan léńsì. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní ìlú wa yìí mọ ohun tí eruku ọyẹ́ lè ṣe, àti èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń gba ojú fèrèsé wọlé. Síídì ìfọléńsì wà ní ọjà, ó ní búrọ́ọ̀ṣì kéékèèké lábẹ́, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Bí léńsì bá hàn síta, bíi ti láptọ́ọ̀pù tí ń fa àwo rẹ̀ jáde, ẹ lè pa kọ̀ǹpútà, kí ẹ fi òwú orí igi tí ẹ rẹ díẹ̀ sínú ọtí ìfọnǹkan tí wọ́n ń pè ní isopropyl, kí ẹ fi kàn án fẹ́ẹ́ bí ẹni fọwọ́ kan ẹyinjú ọmọ ìkókó. Ẹ má fẹ́ ẹnu sí i, itọ́ á bá a. Ẹ má sì tú ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ láti yọjú wo léésà o. Ti síídì kò hàn sójú ènìyàn dáadáa, ó sì lè ba ojú jẹ́ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀ pé ẹ rí nǹkan kan.

A fọ̀ ọ́. Kò yí padà.

Ní báyìí ni ohun kan ṣẹlẹ̀ tó là wá lójú. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ti dífídì òfìfo bọ ẹ̀rọ kan náà, ó kọ àwòrán ìgbéyàwó kan sí i, ó sì yọrí sí rere! Gbogbo wa pa ẹnu mọ́. Báwo ni ẹ̀rọ ṣe lè kọ dífídì kí ó kọ síídì sílẹ̀? Arákùnrin wa rẹ́rìn-ín. Ó ní ìmọ́lẹ̀ méjì ló wà nínú rẹ̀. Ti síídì jẹ́ oníwọ̀n nánómítà 780, ti dífídì jẹ́ 650. Ọ̀kan lè kú kí èkejì wà láàyè, bí ènìyàn tí ojú rẹ̀ kan fọ́. Ó mú ọ̀kan nínú àwọn síídì Sátidé tó kù, ó ti í bọ láptọ́ọ̀pù rẹ̀, ó sì kọ ọ́ ní ìgbà àkọ́kọ́. Síídì dára, ètò inú kọ̀ǹpútà dára, léésà síídì ẹ̀rọ wa ló ti kú. Kò sí òògùn fún un ju pípààrọ̀ lọ.

Ó lè yà yín lẹ́nu pé ìpayà wa kò tán níbẹ̀. Nítorí pé arákùnrin náà nílò láptọ́ọ̀pù rẹ̀ fún iṣẹ́, a ra dráìfù alágbèéká, èyí tí a ń fi wáyà USB so mọ́ kọ̀ǹpútà. A gbé e délé, a so ó mọ́ àpótí oníhò mẹ́rin tí gbogbo fláàṣì ìjọ wà lára rẹ̀. Ó kà dáadáa. Bó bá dé ìdajì kíkọ, á dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, á pa ara rẹ̀. A ti fẹ́ lọ bá ẹni tó tà á fún wa jà. Iná ni kò tó o. Ihò USB ti ìran kejì, mílíámúpù 500 ni òfin rẹ̀. Ti ìran kẹta, tó sábà máa ń ní àwọ̀ búlúù nínú, jẹ́ 900. Bí a bá wá pín ìyẹn fún ẹni mẹ́rin, ta ni yóò yó? Kíkọ ń jẹ iná ju kíkà lọ. A yọ ọ́ kúrò lára àpótí yẹn, a so ó tààrà mọ́ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, ẹjọ́ sì parí.

ÀWỌN OHUN KÉÉKÈÈKÉ MÌÍRÀN

Bí dráìfù bá pòórá pátápátá lójú kọ̀ǹpútà, ẹ lọ sí Device Manager, ẹ wá orúkọ rẹ̀ lábẹ́ DVD/CD-ROM drives, ẹ yọ ọ́ pẹ̀lú "Uninstall", kí ẹ pa kọ̀ǹpútà kí ẹ sì tún un tan. Á wá a rí fúnra rẹ̀. Bí kò bá gbọ́, ó lè jẹ́ ètò ìkọsíídì méjì ló ń jà nínú ilé kan, tí wọ́n sì fi ohun tí wọ́n ń pè ní UpperFilters àti LowerFilters sílẹ̀ nínú Registry. Ẹni tó mọṣẹ́ ni kí ẹ pè fún èyí. A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ wa ba kọ̀ǹpútà ọ̀gá rẹ̀ jẹ́.

Ẹ má kọ síídì láti orí fláàṣì. Ẹ kó fáìlì sínú kọ̀ǹpútà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì ti àwọn ètò mìíràn. Ní ìgbà àtijọ́, bí kọ̀ǹpútà bá falẹ̀ láti bu ọ̀rọ̀ fún léésà, síídì ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọdún 2000 ni ilé iṣẹ́ Sanyo mú ọgbọ́n kan jáde tí wọ́n pè ní BURN-Proof, tó jẹ́ kí ẹ̀rọ lè dúró kí ó sì máa bá iṣẹ́ lọ ní ibi tó dúró sí. Ṣùgbọ́n kò sí ọgbọ́n kankan tó bá NEPA mu. Bí iná bá lọ láàrin kíkọ, ẹ ju síídì yẹn nù. Láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ kún, tàbí UPS, ni kí ẹ fi ṣe é.

Ní ti ìpamọ́, ojú òkè síídì, ibi tí a ń kọ orúkọ sí, ni ó tètè ń bàjẹ́ jù, kì í ṣe ìsàlẹ̀ tó ń dán. Irin àti aró rẹ̀ wà ní abẹ́ ojú òkè yẹn gan-an, ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló bò ó. Dífídì ló sàn díẹ̀, nítorí àárín ike méjì ni wọ́n fi aró rẹ̀ sí. Nítorí náà ẹ má fi báírò kọ nǹkan sí síídì, ẹ má lẹ ìwé onígọ́ọ̀mù mọ́ ọn, ẹ má sì fi í sí ojú dígí ọkọ̀ nínú oòrùn. A rí i nígbà tí a yẹ síídì bàbá wò lójú ìmọ́lẹ̀: ihò wínníwínní kan wà ní òkè, ní ibi tí ẹnìkan ti fi báírò kọ "Dádì 70" ní ọdún 2005. Ìfẹ́ ló fi kọ ọ́.

Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tuntun kò ní ẹnu síídì mọ́, àwọn ilé iṣẹ́ sì ń fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Taiyo Yuden ti Jàpáànì, tí ọ̀pọ̀ gbà pé síídì wọn dára jù, dáwọ́ dúró ní ìparí ọdún 2015. Sony náà dáwọ́ ṣíṣe Blu-ray òfìfo dúró ní oṣù kejì ọdún 2025. Bí ohùn òbí yín bá wà lórí síídì kan nínú dúrọ́ọ̀ kan, ẹ wá a jáde ní ọ̀sẹ̀ yìí.

Ní ti màmá, a kọ ẹ̀dà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ní 16x, "Audio CD", a sì tì wọ́n pa. A gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí a tó kó wọn jáde. Ibi tí a ní a ó padà sọ ni ibi tí bàbá ti ń dárúkọ àwọn ọmọ. Lẹ́yìn ọmọ kẹta, ohùn lọ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì, nígbà tó sì padà, ọmọ karùn-ún ló kàn. Gbogbo ẹ̀rọ tí a gbé e sí kò rí ìṣẹ́jú-àáyá méjì yẹn gbà padà. Ó dùn wá, a sì sọ fún màmá kí wọ́n má bàa bá a lójijì.

Ọjọ́ tí wọ́n pé ọdún 85, a jókòó tì wọ́n ní yàrá. Wọ́n tẹ bọ́tìnì wọn. Nígbà tó dé ibẹ̀, tí ẹ̀rọ dákẹ́, màmá dárúkọ ọmọ kẹrin sí i fúnra wọn, wẹ́rẹ́ báyìí, bàbá sì ń bá ìwúre lọ. Àwọn ọmọ sọ fún wa pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní gbogbo òru.